Ìbọ̀wọ́ wo ló yẹ ẹni tí omi ẹja ọ̀ṣọ́ ń mú ọwọ́ rẹ̀ yún?

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja ọ̀ṣọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá lórí ọwọ́ tó ń yún, tó sì ń pupa, lẹ́yìn tí a bá pààrọ̀ omi inú àpótí gíláàsì. Ìbọ̀wọ́ latex, ìyẹn rọ́bà tó wá láti ara igi, kò bá awọ ara gbogbo èèyàn mu, èyí tó bá sì mọ sí ọrùn ọwọ́ a máa gba omi sínú. Ìbọ̀wọ́ nitrile, ìyẹn rọ́bà àtọwọ́dá, tó gùn kọjá ìgúnpá ló tẹ́ mi lọ́rùn jù, àmọ́ òógùn inú rẹ̀ náà máa ń mú ọwọ́ yún. Ṣé ìbọ̀wọ́ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ rẹ̀ lè fa òógùn náà mu?

Ẹ má wulẹ̀ dárúkọ ìpara tí a ó fi pa ọwọ́ ṣáájú o: òróró rẹ̀ á léfòó lójú omi. Ẹ̀yìn iṣẹ́ la ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́, tí a ó nù ún gbẹ, ká tó fi vaseline pa á.

Bloodworm, ìdin pupa tí a fi ń bọ́ ẹja, ì báà jẹ́ gbígbẹ tàbí dídì, máa ń yún àwọn kan gidigidi. Ṣíbí ni kí ẹ fi bù ú. Ẹni tó bá ní egbò lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́, kó má ti ọwọ́ lásán bọ omi, nítorí kòkòrò Mycobacterium marinum lè gba ibẹ̀ wọlé, kókó rẹ̀ sì lè má yọ títí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Irú ìbọ̀wọ́ wo lẹ̀ ń lò, báwo lẹ sì ṣe ń sá inú rẹ̀ gbẹ?