MCF-7 mi kú pátápátá, ṣùgbọ́n DNA rẹ̀ kò gé: ibo ni mo ti ṣì í?

Àjíkẹ́_Láàbù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ọdún kejì PhD mi nìyí nílùú Ọba. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n ń pè ní MCF-7 ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Mo da staurosporine, oògùn tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pa ara rẹ̀, lé wọn lórí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Nígbà tí mo dé láàárọ̀ Sátidé, wọ́n ti súnkì, wọ́n rí róbótó, ọ̀pọ̀ wọn ti léfòó. Òkú ni wọ́n. Mo fa DNA wọn jáde, mo gbé e sórí jẹ́ẹ̀lì. Kò sí àkàbà, ìyẹn àwọn ìlà tó máa ń tò léra wọn tí DNA bá ti gé wẹ́wẹ́! Ìlà kan gbàgìdì ló jókòó sókè níbẹ̀, kò kúrò lójú kan. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ mìíràn, HeLa, tí ọ̀rẹ́ mi fi oògùn kan náà pa, tó wà nínú ihò tó tẹ̀ lé tèmi gan-an, àkàbà tirẹ̀ jáde geere, èèyàn lè ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan.

Ìgbà mẹ́rin ni mo ti ṣe é. Ọ̀gá mi ní ọwọ́ mi ni kò mọ́. Mo ṣe western, ìdánwò tí wọ́n fi antibody wá purotéènì, mo wá caspase-3, ẹ́ńsáìmù tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń pa ara rẹ̀, tì. Mo ní bóyá antibody ti bàjẹ́ sínú fíríìsà. Àmọ́ PARP, purotéènì tí caspase-3 máa ń gé, gé: mo rí ìlà ègé rẹ̀, 89 kDa, kedere lábẹ́ ti odindi rẹ̀, 116. Èyí tó wá dà mí lórí rú jù ni kit tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ caspase-3, èyí tó ní DEVD nínú. Ó pọ́n rúsúrúsú, bó ṣe yẹ kó pọ́n tí ẹ́ńsáìmù bá ń ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ́ńsáìmù yìí wà ni àbí kò sí?

Baba_Pípẹ́ẹ̀tì

Pẹ̀lẹ́ o. Ìbéèrè kan péré: àwọn tó léfòó ńkọ́? Ṣé o kó wọn, àbí o dà wọ́n nù mọ́ omi oúnjẹ wọn? Odindi oṣù méjì ni èmi fi ń da òkú nù, tí mo tún wá ń wá òkú láàrin alààyè.

Àjíkẹ́_Láàbù

Mo kó wọn, sà. Èyí tó léfòó àtèyí tó lẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo kó pọ̀.

Ògbólógbòó_MCF

Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Ọwọ́ rẹ mọ́, antibody rẹ kò sì bàjẹ́. MCF-7 kò ní caspase-3 ni.

Lẹ́tà 47 ló sọnù nínú CASP3, jíìnì tí wọ́n fi ń rọ caspase-3, ní exon 3 (ìpín kẹta jíìnì náà), nítorí náà sẹ́ẹ̀lì yẹn kò lè rọ purotéènì náà délẹ̀. Láti 1998 ni ìwé ti jáde lórí rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀gá rẹ kò sọ fún ọ. Irọ́ ni mo pa, kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀gá tèmi náà kò sọ fún mi.

DEVD yẹn ló tú àṣírí gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ caspase ni kó máa gé purotéènì. Cysteine ló wà lójú abẹ rẹ̀, ẹ̀yìn aspartate ló sì ti máa ń gé. Ara méjèèjì lorúkọ rẹ̀ ti jáde. Caspase-3 ń wá ibi tí amino acid mẹ́rin ti tò bí D-E-V-D, á sì gé lẹ́yìn D tó gbẹ̀yìn. Sẹ́ẹ̀lì ò jẹ́ rọ irú abẹ bẹ́ẹ̀ kó fi í sílẹ̀ láìní àkọ̀. Amino acid 277 ló máa ń tò jọ gbọọrọ: orí kékeré kan, ègé ńlá, lẹ́yìn náà ègé kékeré. Irú rẹ̀ méjì ti so pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú abẹ wọn kò tíì là. Ìgbà tí caspase mìíràn bá gé okùn tó so ègé ńlá mọ́ kékeré, lẹ́yìn aspartate 175, ni àwọn apá ibẹ̀ á tó yí padà, tí ojú abẹ méjèèjì á mú.

Caspase-7 ni àbúrò tó jọ ọ́ jù. DEVD kan náà lòun náà ń gé. Òun ló jẹ́ kí kit rẹ pọ́n, òun náà ló gé PARP.

Àkàbà ńkọ́? Caspase kì í gé DNA. Ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń jẹ́ CAD ló ń gé e, ìtàn òun àti ICAD sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Láìsí ICAD, CAD kò lè ká bó ṣe yẹ kó ká nígbà tí wọ́n bá ń rọ ọ́ lọ́wọ́. ICAD yìí kan náà, alágbàtọ́ rẹ̀, ló tún dì í lápá mú kó má baà gé ohunkóhun. Caspase-3 ló ń gé ICAD níbi méjì kí CAD tó bọ́. Tó bá bọ́, méjì á so pọ̀, wọ́n á rí bí àlùmọ́gàjí gẹ́lẹ́, ibi tó mú sì wà nísàlẹ̀ pátápátá láàrin apá méjèèjì. DNA tó wé mọ́ histone, purotéènì tó dà bí kẹ̀kẹ́ òwú fún un, kò lè wọbẹ̀. Èyí tó fà tẹ́ẹ́rẹ́ láàrin ibi tó ti wé kan sí èkejì nìkan ló ń wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ àkàbà HeLa fi ń fi bíi lẹ́tà 180 jura lọ. Nínú MCF-7, agbára caspase-7 kò ká iṣẹ́ ICAD yìí.

Ọmọ_Olówu

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní caspase mìíràn ló ń gé caspase-3. Ta ló wá ń gé ìyẹn náà? Àbí bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa bá a lọ?

Ògbólógbòó_MCF

Ó lópin. Caspase-9 kì í dúró de ẹni tó máa gé òun. Ńṣe ló máa ń dá wà. Ìsopọ̀ ló ń jí i. Tí mitochondria, ilé agbára sẹ́ẹ̀lì, bá jò, purotéènì kan tó ń jẹ́ cytochrome c á tú síta, purotéènì mìíràn, Apaf-1, méje á tìtorí rẹ̀ kóra jọ bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Àárín kẹ̀kẹ́ yẹn ni caspase-9 á ti pàdé ara wọn, tí wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí gé caspase-3. Tó bá jẹ́ pé ìta sẹ́ẹ̀lì ni àṣẹ ikú ti wá, caspase-8 ni, àkójọ náà ló sì ń jí òun. Aràn C. elegans kò da ara rẹ̀ láàmú tó báyìí: nínú sẹ́ẹ̀lì ara 1,090 tó ń ní, 131 á kú, CED-3, caspase tirẹ̀, nìkan ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Àwa la kó ẹbí jọ.

Àjíkẹ́, tó bá jẹ́ àkàbà gan-an lo fẹ́, wá MCF-7 tí wọ́n ti dá CASP3 padà sínú rẹ̀. Àwọn kan ti ṣe é, DNA rẹ̀ sì gé.

Àjíkẹ́_Láàbù

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo lọ wo páálí kit náà láàárọ̀ yìí. "Caspase-3" ni wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ sí i lójú. Mo wá ṣí ìwé inú rẹ̀, ó di ojú ewé kẹta, nísàlẹ̀, kí n tó rí i pé caspase-7 náà lè mú un pọ́n. Lẹ́tà ibẹ̀ kò tó ẹyin iná-orí.

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Àmì méjèèjì ti di búlúù láti aago mẹ́wàá. Kò tíì fèsì.