Mo pààrọ̀ okùn gìtá oníná mi, ohùn wọn ò bára dọ́gba mọ́

Olùbéèrè: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Látìgbà tí mo ti pààrọ̀ okùn gìtá mi, okùn méjì tó tín-ín-rín jù ń pariwo, àwọn mẹ́rin tó kù wá ń dún bí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu sọ̀rọ̀. Mo yí bọ́tìnnì amplifier (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde) títí, kò yàtọ̀. Bí mo bá sì ta á láìso ó mọ́ amplifier, gbogbo wọn ló ń dún dáadáa. Ṣé pickup, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn okùn lára gìtá, ti bàjẹ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí.

Agbágìtá: Yẹ gíga pickup wò. Bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ga ju èkejì lọ. Síkúrù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lo máa fi tún un ṣe. Má sún un mọ́ okùn jù o, òòfà rẹ̀ á máa fa okùn, ohùn á sì máa gbọ̀n.

Ẹlẹ́rọ: Ẹ dúró ná. Àbúrò, kí ni wọ́n kọ sára páálí okùn náà?

Olùbéèrè: "Phosphor Bronze, 12–53" ni mo rí, sà.

Ẹlẹ́rọ: Òun nìyẹn! Okùn onídẹ (bronze) ti gìtá tí kì í lo iná ni. Òòfà tí wọ́n fi wáyà wé ni pickup. Irin tó bá ń gbọ̀n lókè rẹ̀ ló ń mú iná jáde nínú wáyà yẹn. Òòfà kì í sì í fa idẹ. Idẹ ni wọ́n wé mọ́ okùn mẹ́rin tó nípọn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ àárín wọn nìkan ni pickup ń rí. Méjì tó kù, irin lásán ni, ni wọ́n ṣe ń pariwo. Pickup rẹ ò ṣe nǹkan kan. Wá èyí tí wọ́n kọ "Nickel" sí, tí òòfà máa ń fa, 9–42 tàbí 10–46 (nọ́ńbà ìnípọn okùn nìyẹn, láti orí èyí tó tín-ín-rín jù dé èyí tó nípọn jù).

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an, sà! Ṣé kí n kàn pààrọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Báàsì: Pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wo ọrùn gìtá. Okùn 12 máa ń fà á gan-an. Bí o bá wá fi èyí tó fúyẹ́ sí i, ọrùn lè tẹ̀ sẹ́yìn, kí okùn máa kan fret (àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá). Tẹ okùn tó nípọn jù ní fret kìíní àti fret tó gbẹ̀yìn. Ó yẹ kí àyè díẹ̀ wà láàárín okùn àti fret 7. Bí kò bá sí, dẹ truss rod (ọ̀pá irin inú ọrùn gìtá) díẹ̀, má ju ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan lọ lẹ́ẹ̀kan, kí o tún tún un wò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí o wá yẹ fret 12 wò: bí ohùn tí o tẹ̀ níbẹ̀ bá ga ju harmonic rẹ̀ lọ (ohùn tó ń jáde bí o bá kàn fọwọ́ kan okùn fẹ́rẹ́ níbẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́), sún saddle okùn náà (irin kékeré tí okùn gbé lé ní ìdí gìtá) sẹ́yìn.