Ẹ̀yin tó ti kó kúrò ní ìlú ńlá lọ sí oko: kí lojú yín rí ní apá Kétu àti Ṣábẹ, ní orílẹ̀-èdè Benin?

Aráalé Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sì ti sú wa. Ibi tí a ti ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé ti di ilé onílé, ẹni tó ń ta bẹntiróòlù inú ìgò wà lójúde wa, zemidjan, ọ̀kadà akérò, ò jẹ́ ká sùn. Ìlú kékeré là ń wá, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè wa, tí igi ṣì pọ̀ níbẹ̀, tí àkùkọ á kọ kí ọ̀kadà tó dún. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, kó jọ̀ọ́ sọ bó ṣe rí fún wa. Ẹ má fi dídùn nìkan sọ ọ́ o.

Àgbẹ̀ Ṣábẹ

Ìyá wa, ẹ kú ìrònú. Abúlé kan ní ìhà odò Okpara ni mò ń gbé báyìí, Kútọnù ni mo sì ti wá.

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Páràkú, òkè àpáta Ṣábẹ lẹ máa kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí ilé. Ó lẹ́wà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àpáta tó wà lókè yẹn ló tún wà nísàlẹ̀. Wọ́n lè gbẹ́ kànga títí kó má kan omi, kí wọ́n sún díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó kàn án. Nítorí náà, níbikíbi tí mo bá dé, kí n tó béèrè iye tí ilẹ̀ jẹ́, mo máa ń béèrè ibi táwọn obìnrin ti ń pọn omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Abúlé tó wù mí jù nínú gbogbo wọn, òru ni wọ́n ń jí lọ tò sídìí kànga. Mo kí wọn, mo bá tèmi lọ. Ibi tí mo wà yìí ò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ pọ́ǹpù rẹ̀ ń yọ omi nínú oṣù kẹta.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló gba sùúrù jù. Ọmọ abúlé kan ló mú mi lọ bá àgbà ẹbí tó ni ilẹ̀. A gbé obì àti ọtí dání, mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá ò béèrè iye tó wà lápò mi rárá. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Kí lo fẹ́ gbìn?" Mo ní iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́. Ara tù wọ́n, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo bá fi kún un pé màá fi kajú díẹ̀ sí i. Ilé pa lọ́lọ́.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí àwa ará ìlú kì í mọ̀ ọ́n. Àlejò tí wọ́n fún nílẹ̀ láti dáko, ohun tó máa hù, tó máa tán, ló lè gbìn. Ẹni tó bá gbin igi ti ń sọ pé ilẹ̀ ti di ti òun àti ọmọ òun. Látìgbà tí kajú ti wá di owó, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń wọlé wá kó o láti oṣù kejì lọ, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré mọ́. Wọ́n ní kí n máa dáko ná. Mo dáko. Mo lọ síbi òkú, mo lọ síbi ìsọmọlórúkọ, mo dá owó tí wọ́n ń dá. Ó pẹ́ kí bàbá tó pè mí pé ó yá, kí n wá ra apá kan.

Lọ́jọ́ yẹn, mo bẹ̀ wọ́n kí gbogbo ẹ̀ka ẹbí pé, títí kan àwọn tó ń gbé ìlú ńlá. (Ẹ̀gbọ́n tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ títà, òun ló máa ń pe ẹjọ́ lẹ́yìn tí ilé bá ti dìde.) A sì ṣe ìwé rẹ̀ lọ́dọ̀ mérì, olórí ìjọba ìbílẹ̀. Òfin ilẹ̀ ọdún 2013 sọ pé bí ilẹ̀ oko tí ènìyàn fẹ́ rà bá ju hẹ́kítà 2 lọ, ìgbìmọ̀ ìlú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí olùrà sì sọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Tèmi ò tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku iná ìgbẹ́ àti màlúù. Nígbà ọyẹ́, ẹ ro etí oko yín yíká kí iná má bàa rí ọ̀nà wọlé. Ti màlúù, ẹ mọ Fúlàní tó ń gba ibẹ̀ kọjá, kí ẹ máa kí ara yín.

Ìyá Kétu

Ẹ̀yin ará Ṣábẹ ń sọ̀rọ̀ omi bí ẹni pé tiwa ló rọrùn! Orí ilẹ̀ gíga ni Kétu wà, omi abẹ́ ilẹ̀ jìn gan-an. Kétu fúnra rẹ̀ ò sì dákẹ́ mọ́ o. Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú, ṣì wà níbẹ̀, ọ̀kadà náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kó lọ sí àwọn ìletò tó wà níwájú, ní ọ̀nà Ilárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin kan tó kó wá bá wa. Ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó mọ odi gíga yí i ká, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń dún di ọ̀gànjọ́. Bí a bá kí i, inú mọ́tò ló ti ń juwọ́. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Nígbà tó di àsìkò Gẹ̀lẹ̀dẹ́, lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n máa ń fi orin bá ìlú wí, ọ̀gá olórin kan ọ̀rọ̀ odi nínú orin rẹ̀. Ó ní Kétu àtijọ́ mọ odi, ó gbẹ́ yàrà, síbẹ̀ ogun Dàhọ̀mì wọlé ní 1886. Ó wá bi wá pé ogun wo ni aládùúgbò wa ń retí. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín, ìyàwó ọkùnrin náà sì wà láàárín wa. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ fi ń kú ní aago mẹ́sàn-án, géètì sì ń ṣí lọ́sàn-án.

UNESCO ti ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ogún gbogbo ayé láti 2001, àwọn àlejò sì ń wá ya fọ́tò. Fún àwa tí à ń gbé ibẹ̀, ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ohun tí ìlú ń rò nípa wa. Bí ẹ bá kórìíra kí wọ́n mọ ohun tí ẹ sè lánàá, ẹ dúró sí Àjàṣẹ́. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o.

Ẹni tó ti padà

Èmi lọ, mo padà. Abúlé dára, èèyàn ibẹ̀ dára. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń da ìyá mi láàmú. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, orí ọ̀kadà ni a gbé e sí láàárín èmi àti ẹni tó ń gùn ún, títí a fi dé ibi tí dókítà wà. Ara rẹ̀ yá. Àmọ́ mo kó ẹrù wa. Ìyá wa, ẹ béèrè ọ̀nà ilé ìwòsàn ní alẹ́ òjò kí ẹ tó béèrè ohunkóhun.

Aráalé Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á ṣọ́ màmá. Ọkọ mi ní ẹ̀yin lẹ ń dẹ́rù bà á, èmi ní ẹ̀yin lẹ ń là á lójú. Ìgbà wo ló yẹ ká wá wo Ṣábẹ?

Àgbẹ̀ Ṣábẹ

Ẹ má wá ní oṣù kẹjọ. Iṣu tuntun ti jáde nígbà yẹn, ewéko tutù, gbogbo abúlé ló dùn. Ẹ wá ní oṣù kejì, nígbà tí eruku bo ojú, kí ẹ sì sun ju alẹ́ kan lọ. Ọkọ̀ Páràkú máa já yín sílẹ̀ ní Ṣábẹ, màá rán ọmọ mi wá gbé yín. Yàrá àlejò wà. Ìyàwó mi ní kí ẹ bá òun mú epo pupa Àjàṣẹ́ bọ̀, ti ọ̀dọ̀ wa wọ́n.