Báwo ni mo ṣe lè yọ lọ́ọ̀kì pigeonhole (àpótí kékeré inú dáṣíbọọ̀dù) ọkọ̀ Bedford àtijọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọkọ̀ àtijọ́, ẹ gbà mí. Bedford tí bàbá mi fi ń kó kòkó ni mò ń tún ṣe níbí l'Ákùúrẹ́. Pigeonhole rẹ̀ wà ní títì pa, kọ́kọ́rọ́ ti sọnù tipẹ́. Mo ti fi epo díísù rin lọ́ọ̀kì náà mọ́jú, mo fi wáyà tín-ín-rín tọ ọ́ nínú. Ó ń mì díẹ̀, kò jáde. Ihò wẹ́wẹ́ kan wà lójú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Mẹkáníìkì kan ní Ìsìnkàn ní ká fi dírílì lu ú. Mi ò gbà, irin dáṣíbọọ̀dù náà ṣì ń dán.

Ṣé ihò yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ kí lọ́ọ̀kì yọ síta, àbí nọ́ọ̀tì ló dì í mú láti ẹ̀yìn? Bó bá jẹ́ nọ́ọ̀tì, ibo ni mo lè gbà dé ìdí rẹ̀ láì ṣí ìlẹ̀kùn pigeonhole náà?