Ọkọ̀ ìgbòkun kíkàn nílé lẹ́yìn òtútù àyà: mo nílò ìmọ̀ràn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi tí ẹ mọ iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn, mo kí yín. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé. Òtútù àyà ló dá mi dùbúlẹ̀, ara sì ń mókun padà díẹ̀díẹ̀. Mo ti pinnu láti kan Mirror, ọkọ̀ ìgbòkun kékeré tí Jack Holt àti Barry Bucknell gbé jáde ní 1963 fún àwọn tí kì í ṣe káfíńtà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.3. Wáyà bàbà ni a fi ń rán plywood rẹ̀ pọ̀, tí a ó fi ẹ̀mú lọ́ ọ títí etí pákó méjèèjì yóò fi pàdé, iṣẹ́ tí ènìyàn lè jókòó ṣe, kí ó sì sinmi nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́.

Epoxy, àtè olómi tó máa ń le gan-an bó bá gbẹ, tí a ó fi dí ojú ìránpọ̀ náà, ló ń kọ mí lóminú. Eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí a bá ń fi sáńpépà họ ọ́, kì í sì í tètè gbẹ nínú òtútù, bẹ́ẹ̀ gáréèjì mi tutù púpọ̀. Ṣé kí n rán pákó nìkan báyìí, kí n fi ti epoxy sílẹ̀ di ìgbà ooru, àbí kí n bẹ ẹlòmíràn kó bá mi ṣe é? Irú ìbòmú wo ni ẹ̀yin tí irú àìsàn yìí ti ṣe rí ń lò?