PostgreSQL: dátábéèsì 2,000 lórí sáfà kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní dátábéèsì tirẹ̀. Sáfà ń kígbe "too many clients already" (ìsopọ̀ ti pọ̀ jù). Ṣé kí n sọ max_connections (iye ìsopọ̀ tí sáfà lè gbà) 100 di 3,000?

Èsì 1: Ẹ má dán an wò! Process (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà) kan ni fún ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, mẹ́mọ́rì á tán. Ẹ fi PgBouncer (ètò tó ń pín ìsopọ̀ díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn) síwájú, pool_mode = transaction (kí ìsopọ̀ padà sílẹ̀ bí transaction kọ̀ọ̀kan bá ti parí). Ẹ ṣọ́ra: dátábéèsì àti user kọ̀ọ̀kan ló ní pool (àkójọ ìsopọ̀) tirẹ̀. Ẹ sọ default_pool_size 20 di 2, kí ẹ dín server_idle_timeout (àkókò tí ìsopọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ fi ń wà ní ṣíṣí) kù láti ìṣẹ́jú-àáyá 600 sí 30.

Olùbéèrè: max_client_conn (iye ìsopọ̀ tí PgBouncer lè gbà) ńkọ́?

Èsì 1: 3,000, ṣùgbọ́n kí ulimit -n (iye fáìlì àti ìsopọ̀ tí process kan lè ṣí) ju ìyẹn lọ.

Èsì 2: Autovacuum (iṣẹ́ tó ń kó ìdọ̀tí kúrò nínú dátábéèsì fúnra rẹ̀) náà ń bọ̀ wá dà yín láàmú. Ìṣẹ́jú 1 naptime (àlàfo àárín ìbẹ̀wò sí dátábéèsì kan) ni ó ń pín fún gbogbo 2,000 yẹn, òṣìṣẹ́ (worker) 3 péré. Ẹ sọ naptime di ìṣẹ́jú 10.