Rọ, rọ̀, rọ́: orúkọ tí a ó fún àìsàn eegun àti ti ọpọlọ lára ọmọdé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Adó-Èkìtì.

Mo fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì gbé wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti dé ibi tí ìwé náà ti sọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọdé tí eegun, iṣan tàbí oríkèé ara ń yọ lẹ́nu. Ti ọmọdé tí ọpọlọ tàbí ìṣesí rẹ̀ ń kọ òbí lóminú ló tẹ̀ lé e. Ó ní ká bá òun wá orúkọ. Èsì mẹ́ta ló ti wọlé. Bàbá wa tó ń kọ̀wé láti Ìkẹ́rẹ́ ní ká pe ẹsẹ̀ tí ọmọ gbé wáyé ní yíyí ní "àrùn arọ àbímọ́", ká sì pe gbogbo ti ọpọlọ ní "wèrè ọmọdé", nítorí ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni, kò lábùlà. Ẹnì kan láti Ìbàdàn fẹ́ "akàndá" fún gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹnì kẹta ní ká fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bó ṣe wà, pé dókítà ò ní ka Yorùbá.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Wọ́ọ̀dù ọmọdé ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún méjìlélógún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Bàbá, ẹ má bínú sí ọmọ yín, mi ò lè fara mọ́ àbá yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ìyá kan gbé ọmọ wá láti abúlé kan lẹ́yìn Ìlawẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni. Ó pọ̀n ọ́n, ó sì fi ọ̀já ká a lẹ́sẹ̀ mọ́ra débi pé àtẹ́lẹsẹ̀ kankan ò yọ ní ìhà ìyá rẹ̀. Nígbà tí mo ní kó sọ ọ́ kalẹ̀, ó kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló yí sínú, àtẹ́lẹsẹ̀ dojú kọra wọn bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ pàtẹ́wọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò tètè wá. Ó ní lọ́jọ́ ìkómọ ni ẹnì kan nínú ẹbí ṣí aṣọ lára ọmọ wò, tó ní "arọ ni wọ́n bí fún wa." Láti ọjọ́ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹsẹ̀ ọmọ mọ́. Òun nìkan ló ń wẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń fi òrí pa á lára.

Oṣù mẹ́rin yẹn kì í ṣe kékeré. Dókítà Ignacio Ponseti ló gbé ìtọ́jú ẹsẹ̀ yìí kalẹ̀ ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí ló sì dára jù láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí iṣan ọmọ ṣì ń gbọ́ tọwọ́. Wọn á rọra fi ọwọ́ tọ́ ẹsẹ̀ náà díẹ̀, wọn á fi POP, ìdì funfun tó ń le bí símẹ́ńtì, dì í, kó lo ọ̀sẹ̀ kan, wọn á tú u, wọn á tún tọ́ ọ síwájú, wọn á tún un dì. Bíi ìgbà 5 sí 6 ni fún ọ̀pọ̀ ọmọ, púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì máa ń gé iṣan gìgísẹ̀ fún níwọ̀nba kí ẹsẹ̀ lè wálẹ̀. Ẹsẹ̀ náà á tọ́, ọmọ á rìn, á sáré. Bàbá, èwo ni arọ níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. "Rọ" ló wà nínú arọ. A fi a- síwájú rẹ̀, ọmọ di arọ, bí ẹni tó ń pa ẹja ṣe di apẹja. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ní asínwín àti arínrìndìn. Ọ̀rọ̀ náà ti di ẹni náà, kò tún ṣeé bọ́ sílẹ̀. "Rọ" yìí kan náà ló wà nínú rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí a ń pe pólíò, ṣùgbọ́n níbẹ̀, àrùn ni olùṣe. Òun ló rọ ọmọ lápá, òun ló rọ ọmọ lẹ́sẹ̀, ọmọ ṣì ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń pe àwọn ìyá jáde nígbà tí wọ́n bá ń kán oògùn sí ọmọ lẹ́nu láti ojúlé dé ojúlé, kò sì sí ìyá tó tijú láti gbọ́ ọ. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní oṣù kẹjọ 2020 pé kòkòrò pólíò àbáláyé ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, orúkọ yẹn wà lára iṣẹ́ tó ṣe é lọ́dọ̀ tiwa, bó ti wù kó kéré mọ. Yírùnyírùn náà nìyẹn: àrùn ló ń yí ọrùn. Àwọn baba wa tí ẹ ń sọ, Bàbá, ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n mọ̀. Èyí tó bá ọmọ mu ni mo ń bẹ̀bẹ̀ pé ká yàn.

Nítorí náà, "ẹsẹ̀ ayísínú" ni mo dábàá. Ẹsẹ̀ ló yí, kì í ṣe ọmọ, ohun tó bá sì yí sínú ṣeé yí padà síta. Ìyá tó gbọ́ ọ ti gbọ́ ìdajì ìtọ́jú.

Àmì ohùn wá ńkọ́? Ẹ dákun, kí àbúrò wa má fi ṣeré. Rọ, rọ̀, rọ́: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú ìwé kan náà. Ẹsẹ̀ tó rọ ò lágbára mọ́. Ẹsẹ̀ tó rọ́ ni èyí tí ọmọ fi ṣèṣì nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tó wú ní ọrùn ẹsẹ̀. Eegun tó rọ̀ ni ti ọmọ tí eegun rẹ̀ kò le tó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Bí nọ́ọ̀sì alẹ́ bá kọ "ro" lásán sínú ìwé, kí ni nọ́ọ̀sì òwúrọ̀ fẹ́ ṣe? Èyí tó rọ́ ń fẹ́ ìsinmi àti omi tútù. Èyí tó rọ̀ ń fẹ́ oúnjẹ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Jos, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999, fi hàn pé lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí eegun wọn rọ̀ níbẹ̀, àìtó káṣíọ̀mù (calcium, èròjà tó ń mú eegun le) nínú oúnjẹ ló jà jù, kì í kàn ṣe ti fítámì D tí oòrùn ń fún wa. Ẹja wẹẹrẹ tí a lè jẹ teegun-teegun nìyẹn, wàrà nìyẹn. Torí náà mo gba "eegun rírọ̀", pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ tó hàn gbangba.

Kélẹ́ẹ̀gì ò nílò orúkọ tuntun, gbogbo ọjà Ọba ló mọ̀ ọ́n. Kí ìwé kàn sọ fún àwọn ìyá pé ẹsẹ̀ ọmọ sábà máa ń tẹ̀ síta títí dé nǹkan bí ọdún méjì, kí orúnkún tó wá máa súnmọ́ra láàrin ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, kó sì tọ́ fúnra rẹ̀ tó bá fi máa pé ọdún méje.

Èyí tí inú mi dùn sí jù ni eegun ọmọdé tó ṣẹ́ lápá kan tí apá kejì kàn tẹ̀. Igi tútù ni àwọn òyìnbó fi sọ ọ́ lórúkọ, kò sì sí ọmọ àgbẹ̀ ní Èkìtì tí kò tíì fa ẹ̀ka tútù kó rí i bó ṣe ń là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí kò já. A lè pè é ní "ìṣẹ́ igi tútù", àwa tó ń pe igi ní ugi nílé á sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Ẹnì kan ti fi "ìtúnkún òpójẹ̀ wẹẹrẹ" ránṣẹ́ sí àbúrò wa fún ohun tí a ń wò lẹ́yìn tí a bá ti dì POP. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti ń ṣe é. Ẹ ó tẹ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó yọ lẹ́nu POP, á funfun. Ẹ ó yọwọ́. Kó tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ó yẹ kó ti pọ́n padà. Bí ó bá pẹ́, tí ọmọ ìka tutù, tí ó wú, tí ọmọ ń ké láìdákẹ́, ìdì náà ti fún jù, ẹ pe dókítà, òru ni o, ọ̀sán ni o. Mo ti rí ọwọ́ ọmọdé tó dúdú kọjá àtúnṣe nínú pákó ẹni tó ń to eegun, nítorí pé kò sí ẹni tó kọ́ ìyá rẹ̀ láti tẹ èékánná. "Ẹ̀jẹ̀ ń padà", "ẹ̀jẹ̀ ò padà": èyí ni ìyá lè sọ lórí fóònù láago méjì òru. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti akàndá, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni, mo sì ń lò ó fún àgbàlagbà tó bá fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kò sọ ibi tó ń dun ọmọ.

Ó wá ku ti ọpọlọ, òun ló le jù. "Wèrè ọmọdé" ò gbọdọ̀ wọ ìwé yẹn, Bàbá. Òfin pàápàá ti kúrò níbẹ̀: oṣù kìíní 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tó rọ́pò Lunacy Act (òfin wèrè) ti 1958. Mo mọ èsì tí ẹ máa fọ̀, pé orúkọ tuntun náà á pẹ́ di èébú. Òótọ́ ni. Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò l'Abẹ́òkúta ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, ti jẹ́ kí aláìsàn máa gbé láàrin ará abúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí rẹ̀ láti 1954, ohun tí ayé wá kọ́ lọ́dọ̀ wa, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ti sọ "Arò" di ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bú ara wọn nínú ọkọ̀. Ìdí gan-an nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ orúkọ ńlá kan tó máa bo gbogbo ọmọ mọ́lẹ̀. "Àìsàn ọkàn" ò ṣeé lò ní wọ́ọ̀dù wa, ọmọ tí ihò wà lọ́kàn wà nínú bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé e. Kí àkọlé jẹ́ "ìlera ọpọlọ ọmọdé", kí á wá sọ ohun tí ọmọ ń ṣe lábẹ́ rẹ̀.

Ọmọkùnrin ọdún mẹ́sàn-án kan já bọ́ lórí igi máńgòrò, eegun itan rẹ̀ kán. Wọ́n so ìwọ̀n mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbalaja fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Eegun ń tò dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó kọjú sí ògiri. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde ni "ulé", ilé ní Èkìtì tiwa. A kọ "ìsoríkọ́" sínú ìwé rẹ̀, àmọ́ ìyá rẹ̀ àgbà tó jókòó tì í ti rí i ṣáájú wa. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ yìí ò tújú ká mọ́." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ ká tètè ṣe nǹkan: a sún bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sójú fèrèsé, a jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa wá lẹ́yìn ilé ìwé, a gbé ọpọ́n ayò lé e láyà. Ọjọ́ tó pè mí ní ọ̀pẹ ni mo mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti ń tú. Mo fẹ́ kí "àìtújúká" wọ ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ohun tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ máa wò lójú ọmọ tó bá pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí "ìsoríkọ́" wà fún èyí tí dókítà bá ti yẹ̀ wò.

Ọmọ tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, ẹ má pè é ní "aláìfarabalẹ̀", ìbáwí ti wà nínú rẹ̀ kó tó dé etí ọmọ. "Ara rẹ̀ kì í balẹ̀" tó. Ọ́tísíìmù (autism), ti ọmọ tí ọ̀nà tó ń gbà sọ̀rọ̀ tàbí bá ènìyàn lò yàtọ̀, ńkọ́? Mo rí "àrùn adánìkanwà" tí ẹnì kan fi sí ìsàlẹ̀ èsì rẹ̀, ó sì ká mi lára, torí mo mọ ọmọ kan tó máa ń wá fi orí ti ìgbọ̀nwọ́ mi láìsọ nǹkan kan. Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ dá wà. Títí a ó fi rí èyí tó sàn, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ọ́tísíìmù.

Fún ẹni tó ní ká fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀: dókítà ò lè wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé ọmọ délé. Lẹ́yìn POP, ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ ayísínú á máa wọ bàtà méjì tí irin gbọọrọ so pọ̀, wákàtí 23 lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà nígbà tó bá ń sùn nìkan, títí dé nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Ibi tí ẹsẹ̀ ti máa ń tún yí sínú nìyẹn, nítorí ìyá bọ́ bàtà náà nígbà tí ọmọ sunkún. "Bàtà onírin" la ń pè é tẹ́lẹ̀, bàbá ọmọ kan sì bi mí bóyá ṣẹkẹṣẹkẹ ni a fẹ́ fi de ọmọ òun. Ìyá tó wá láti ẹ̀yìn Ìlawẹ̀ yẹn ló sọ ọ́ lórúkọ tuntun. Ó ń dè é fún ọmọ níwájú mi, ó ń kọrin sí i lábẹ́ ahọ́n, ó ní, "Ó yá, jẹ́ ká wọ bàtà oorun." Oorun, àárín àti àárín, kí ẹnikẹ́ni má kọ ọ́ bí ẹni ń kọ oòrùn. Mo ti kọ ọ́ sára káàdì tí a ń fún àwọn ìyá. Àbúrò mi, bí ẹ bá ti dé ojú ìwé náà, òun ni kí ẹ fi síbẹ̀.